Ìbéèrè Yín: Wọ́n ní inú ikùn màámi nípọn

Ìbéèrè: Dókítà, ẹ kú iṣẹ́ o. Wọ́n ki kámẹ́rà bọ ikùn màámi, wọ́n ní inú ẹ̀ nípọn, ṣé kánsà ni?

Ìdáhùn: Ẹ fọkàn balẹ̀ ná. Àìsàn kan wà tó ṣọ̀wọ́n gan-an, Ménétrier, dókítà ará Faransé tó ṣàlàyé ẹ̀ ní 1888 ni wọ́n fi sọ ọ́, inú ikùn á ṣẹ́po ràgàjì, purotéènì á wá máa jò dànù títí ẹsẹ̀ á fi wú. Àmọ́ kánsà náà lè rí bẹ́ẹ̀ lójú kámẹ́rà o, torí náà mo bẹ̀ yín, ẹ béèrè bóyá ẹran tí wọ́n gé fún àyẹ̀wò jìn dáadáa, tórí tó bá jẹ́ òkè nìkan, ó lè má fi nǹkan hàn. Kí wọ́n yẹ H. pylori, kòkòrò àìfojúrí kan tó máa ń gbé inú ikùn, wò pẹ̀lú.