Ṣé kí n ra tírélà tèmi, àbí kí n máa wa ti ilé-iṣẹ́ lọ?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ọdún kẹrin rèé tí mo ti ń wa tírélà fún ilé-iṣẹ́ kan ní Amẹ́ríkà níbí. Sẹ́ǹtì 65 ni wọ́n ń san fún mi lórí máìlì kan, mo sì ń rin nǹkan bí 2,500 máìlì lọ́sẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan ti ra tiẹ̀, ó ní $5,000 ń wọlé fún òun lọ́sẹ̀. Èmi ní $35,000 nípamọ́. Ilé-iṣẹ́ wa tún ní àwọn lè gbé ọkọ̀ fún mi láìgba kọ́bọ̀ sílẹ̀, kí wọ́n máa yọ owó rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ títí yóò fi di tèmi. Ìyàwó mi ní kí n ní sùúrù. Kí lẹ rí sí i?

Ìdáhùn: Ìṣirò owó àwọn onítírélà niṣẹ́ mi, nítorí náà ibi owó ni mo máa gbà wọ ọ̀rọ̀ yìí. $5,000 tí ọ̀rẹ́ yín dárúkọ, owó tó wọlé ni. Kò tíì sọ èyí tó jáde. Ẹ jẹ́ ká ṣí i wò, àmọ́ àpẹẹrẹ ni iye tí mo fẹ́ lò o, torí owó epo àti owó ẹrù kì í dúró lójú kan.

Ẹ mú 2,500 máìlì yín yẹn. Ẹ óò rin nǹkan bí 400 nínú rẹ̀ lófìfo, nígbà tí ẹ bá já ẹrù tán tí ẹ ń lọ gbé òmíràn. Ó ku 2,100 tí wọ́n máa sanwó fún. Bó bá jẹ́ $2.40 lórí máìlì kan, $5,040 nìyẹn, owó ọ̀rẹ́ yín pé. Ṣùgbọ́n gbogbo 2,500 ni ẹ́ńjìnnì máa jẹ epo fún. Bí gálọ́ọ̀nù kan bá ń rin máìlì 6.5, tí wọ́n ń tà á ní $4, nǹkan bí $1,540 ti lọ. Owó ọkọ̀ tí báńkì ń gbà, $510. Ìnṣọ́ránsì, $350. Owó tóòlù, owó páàkì, owó ẹni tó ń bá yín wá ẹrù, $350. Sẹ́ǹtì 20 lórí máìlì kan fún àtúnṣe, $500. Ó ṣẹ́ ku $1,790.

Lọ́wọ́ báyìí, $1,625 lẹ ń gbà. Ẹ lè ní èrè ṣì wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n owó Social Security àti Medicare, ìyẹn owó orí fún ìfẹ̀yìntì àti ìtọ́jú àgbàlagbà, tí ilé-iṣẹ́ ń bá yín san ìdajì rẹ̀ báyìí, ẹ̀yin nìkan lẹ máa dá a san: dípò 7.65 nínú 100, 15.3 ni. Tí ẹ bá yọ ọ́ kúrò lápá méjèèjì, ìyàtọ̀ tó kù ò tó $50 lọ́sẹ̀. A ò tíì dé orí ìnṣọ́ránsì ìlera ìdílé yín.

Ọ̀sẹ̀ tí ọkọ̀ bá dúró ló ń kó àwọn èèyàn sí gbèsè jù. Irú ìpè yẹn ò ṣàjèjì sí mi: iná DPF, ìyẹn asẹ́ tó ń gba èéfín dúdú ẹ́ńjìnnì dúró, ti tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, ọkọ̀ ti fúnra rẹ̀ dín eré kù, mẹkáníìkì ní ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ kí páàtì tó dé. Báńkì ò sì ní torí ìyẹn dá owó tiẹ̀ dúró. Bó bá wá jẹ́ ẹ́ńjìnnì gan-an ló kọṣẹ́, $25,000 lè má tó.

Ti ọkọ̀ tí ilé-iṣẹ́ fẹ́ gbé fún yín, mi ò fara mọ́ ọn rárá. Àwọn ló ni ọkọ̀, àwọn náà ló ń pín ẹrù. Bí ẹrù bá wọ́n lọ́sẹ̀ kan, wọ́n ṣì máa yọ owó wọn. Bí ẹ bá kúrò kí ẹ tó san án tán, gbogbo èyí tí ẹ ti san wọgbó. Ìgbìmọ̀ tí FMCSA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ọkọ̀ akẹ́rù, gbé kalẹ̀ láti yẹ irú àdéhùn yìí wò gba Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì nímọ̀ràn ní 2025 pé kí wọ́n fòfin dè é.

Bó bá jẹ́ pé ọkàn yín ṣì ń fà sí i, ẹ ra ọkọ̀ yín lọ́wọ́ ẹlòmíràn, kí ẹ fi ṣiṣẹ́ fún ọdún kan, ó kéré tán, lábẹ́ àṣẹ ilé-iṣẹ́ tó ti dúró dáadáa, ìyẹn ìwé tí ìjọba fi ń fún èèyàn láyè láti máa gbé ẹrù gbowó. Ẹ má tíì sáré gba àṣẹ tiyín. $300 péré ni owó fọ́ọ̀mù rẹ̀, ṣùgbọ́n òfin ní ìnṣọ́ránsì yín gbọ́dọ̀ lè san tó $750,000 bí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀, ọ̀pọ̀ bróókà, àwọn tó ń bá onítírélà wá ẹrù, sì ń béèrè mílíọ̀nù kan. Àwọn mìíràn nínú wọn kì í tiẹ̀ gbé ẹrù fún ẹni tí àṣẹ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde.

Lábẹ́ àṣẹ ẹlòmíràn yẹn, òfin ìjọba àpapọ̀ gbè yín lẹ́yìn. Bó bá jẹ́ ìdá kan nínú owó ẹrù ni wọ́n ń san fún yín, ẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti rí ìwé owó ẹrù náà. Bí wọ́n bá sì gba owó ìdúró lọ́wọ́ yín, ìyẹn owó tí wọ́n ń mú dání nítorí gbèsè tó lè yọjú, wọ́n gbọ́dọ̀ dá èyí tó kù padà láàárín ọjọ́ 45 lẹ́yìn tí àdéhùn bá parí.

Nínú $35,000 yẹn, mi ò ní jẹ́ kí ẹ fi ju $15,000 lọ sílẹ̀ fún ọkọ̀. Ìyókù, ẹ tọ́jú ẹ̀ sí àkáǹtì ọ̀tọ̀ fún àtúnṣe. Kí ẹ tó tọwọ́ bọ̀wé ohunkóhun, ẹ ní kí ọ̀rẹ́ yín fi ìwé owó oṣù mẹ́ta hàn yín, ìwọlé àti ìjáde, kí ẹ̀yin àtìyàwó yín jọ jókòó kà á.