Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Àtúnṣe Ilé Àtijọ́ Tó Wà Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Òkè

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, olóòtú. Ẹ̀gbẹ́ òkè ni bọ́ǹgálò tí àwọn òbí wa àgbà fi sílẹ̀ fún wa wà. Bíríkì ni ògiri rẹ̀, láìmù (ẹfun ìkọ́lé tí wọ́n ń sun láti ara òkúta) ni wọ́n sì fi rẹ́ ẹ. Bí òjò bá ti dé, ògiri tó kọjú sí òkè á máa rin, ọ̀dà rẹ̀ á sì máa ṣí. Bíríkìlà ní ká ha ìrẹ́ àtijọ́ dànù, ká fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ẹ. Ṣé ká gbà?

Ìdáhùn: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbà. Omi ni àìsàn ilé yín, kì í ṣe ìrẹ́. Inú ilẹ̀ ni omi òkè ń gbà dé ẹsẹ̀ ògiri. Bíríkì ń fà á mu, láìmù sì ń jẹ́ kó rọ́nà gbẹ. Bí ẹ bá fi sìmẹ́ǹtì bò ó, omi á há sínú, á máa gun ògiri lọ sókè, iyọ̀ inú rẹ̀ á sì máa jẹ bíríkì lábẹ́lẹ̀. Tó bá yá, sìmẹ́ǹtì á wú, á sì já lulẹ̀ tòun ti ojú bíríkì. Bíríkì tó bá ti pàdánù ojú rẹ̀ kò ní àtúnṣe tó dáa.

Gọ́tà ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣe. Ẹ gbẹ́ ẹ sí apá òkè, kó jìnnà sí ògiri ní ẹsẹ̀ bàtà 4 ó kéré tán, kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ rẹlẹ̀ ju ilẹ̀ inú ilé lọ, ṣùgbọ́n kó má jìn ju ìpìlẹ̀. Kó máa dà gẹ̀rẹ́ ní ínǹṣì 1 ní gbogbo ẹsẹ̀ bàtà 8. Ẹ darí ẹnu rẹ̀ sí gọ́tà àdúgbò. Ẹ má dà á sórí ilé tó wà nísàlẹ̀ yín. Bí erùpẹ̀ bá ti ya wá gbá ògiri, ẹ kó o kúrò títí yóò fi rẹlẹ̀ ju ilẹ̀ inú ilé ní ínǹṣì 6.

Lẹ́yìn náà, ẹ jẹ́ kí ògiri gbẹ fún odindi ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn kan. Ibi tó bá dún gbùù tí ẹ bá kàn án nìkan ni kí ẹ tún rẹ́: láìmù ìwọ̀n 1, iyanrìn tí kò ní amọ̀ ìwọ̀n 3. Ẹ fi omi wọ́n ògiri kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Kí ìpele kọ̀ọ̀kan má nípọn ju ààbọ̀ ínǹṣì, kí ẹ sì fi àpò tútù bò ó fún ọ̀sẹ̀ kan. Láìmù tó bá yára gbẹ kì í dì, ìyẹ̀fun ló ń dà. Ẹ dáàbò bo ojú àti ọwọ́ yín, ó ń jó ènìyàn. Láìmù tí ẹ fi omi nìkan pò ni kí ẹ fi kùn ún. Ọ̀dà oníke á tún há omi mọ́nú.

Ìbéèrè: Orí òpó igi ni tiwa dúró lé. Ṣé a lè fi búlọ́ọ̀kù dí abẹ́ rẹ̀, ká sọ ọ́ di yàrá?

Ìdáhùn: Rárá o, yóò dùn wá gan-an bí ẹ bá ṣe é. Afẹ́fẹ́ abẹ́ ilé ló ń gbẹ igi. Irú ilé orí òpó bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kọ́ sí àdúgbò Hill Station lókè Freetown, ní Sierra Leone, ní nǹkan bí ọdún 1904. Bí ẹ bá dí i, ikán á ráyè mọ ọ̀nà amọ̀ rẹ̀ níbi tí ojú yín kò tó. Ẹ fi páànù pẹlẹbẹ sáàárín ìpìlẹ̀ àti òpó, kí etí rẹ̀ yọ síta ní ínǹṣì 2, kó tẹ̀ sísàlẹ̀. Kò ní pa ikán, àmọ́ á mú kí wọ́n gba ìta, ẹ ó sì rí wọn.

Ẹ máa fi ìṣó gún ẹsẹ̀ òpó. Bó bá wọlé wọ́ọ́rọ́, ó ti jẹrà nìyẹn. Kí jáàkì kọ́kọ́ gba ẹrù rẹ̀ láì gbé ilé sókè, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìrẹ́ á sán. Kí káfíńtà gé e kọjá ibi tó jẹrà ní ẹsẹ̀ bàtà 1, torí ìjẹrà máa ń wọnú ju ibi tí ojú rí lọ, kó sì fi bóòtù tí kì í dípẹtà so igi irú kan náà mọ́ ọn.

Ìbéèrè: Ògiri wa sán láti igun fèrèsé dé òkè. Ṣé ilé fẹ́ wó ni?

Ìdáhùn: Ẹ fi pẹ́ńsù sàmì sí ibi tó sán dé, ẹ kọ déètì sí i, kí ẹ sì máa wọn ìbú rẹ̀ lóṣooṣù títí òjò ọdún kan yóò fi tán. Bí kò bá yí padà, ẹ fi láìmù dí i. Bó bá ń fẹ̀ sí i, tàbí tí ògiri tó di ilẹ̀ òkè mú bá ń wú síta, ẹ́ńjìníà ni kí ẹ pè. Kó tó dé, ẹ fi ọ̀pá irin la àwọn ihò omi ara ògiri náà, torí wọ́n ti sábà máa ń dí.