Báwo ni mágnẹ́ẹ̀tì ẹ̀rọ ITER ṣe gbọ́dọ̀ tutù tó, kí ni wọ́n sì fi ń mú un tutù?

Ó gbọ́dọ̀ tutù dé nǹkan bí −269°C (4 K), hílíọ́mù ni wọ́n sì ń lò fún un. ITER ni ẹ̀rọ ìdàpọ̀ átọ̀mù tí wọ́n ń kọ́ ní gúúsù ilẹ̀ Faransé. Wáyà niobium-tin àti niobium-titanium ló wà nínú àwọn mágnẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Bí wọ́n bá tutù tó bẹ́ẹ̀, iná á gba inú wọn kọjá láìsí ìdènà, wọn kò sì ní gbóná. Inú páìpù irin tí wọ́n kó wáyà náà sí gan-an ni hílíọ́mù ń ṣàn gbà. Mítà díẹ̀ péré síbẹ̀ (èyí ló yani lẹ́nu jù), plasma (gáàsì gbígbóná tí àwọn átọ̀mù ti ń dàpọ̀ nínú rẹ̀) á gbóná dé mílíọ̀nù 150°C.

Gbogbo ẹ̀rọ irú èyí kọ́ ló nílò òtútù tó tó báyìí: wáyà REBCO (irú èyí tí iná ń gbà kọjá láìsí ìdènà bí kò tilẹ̀ tutù tó bẹ́ẹ̀) inú SPARC, ẹ̀rọ ìdàpọ̀ átọ̀mù mìíràn ní Amẹ́ríkà, lè ṣiṣẹ́ ní nǹkan bí −253°C.