Àwòrán 12 tí bàbá mi fi sílẹ̀: férémù mélòó ni kí n sanwó ẹ̀?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá oníférémù. Bàbá mi ṣe tíṣà l'Òṣogbo fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n sì máa ń ra àwòrán lọ́wọ́ àwọn ayàwòrán ibẹ̀ díẹ̀díẹ̀, àwọn èyí tí wọ́n ń tẹ̀ sórí bébà. 12 ni wọ́n fi sílẹ̀ fún wa. 8 jẹ́ dúdú àti funfun, 4 ní àwọ̀, èyí tó tóbi jù nínú wọn jẹ́ ínǹṣì 11 sí 15. Mẹ́ta wà nínú férémù àtijọ́, àwọn yòókù wà nínú páálí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Oníférémù kan ládùúgbò wa n'Ìbàdàn ní ká gé etí gbogbo wọn kó lè dọ́gba, ká lẹ̀ wọ́n mọ́ pílíwúùdù, ká lámínéètì wọn kómi má bàa wọ̀ ọ́, ká wá fi férémù góòlù tó fẹ̀ sí i, kí n sì san 70% sílẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀. Owó yẹn ju agbára mi lọ. Ṣé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn? Irú férémù wo ni kí n mú, báwo ni kí n sì ṣe san án?

Ìdáhùn: Àǹtí mi, ẹ kú ìrántí bàbá o, ẹ̀yìn wọn á dáa. Ẹ jọ̀ọ́, kẹ́ ẹ tó ka èyí tó kù, ẹ pe bọ̀ọ̀dá oníférémù yẹn lórí fóònù kẹ́ ẹ ní kó má tíì fọwọ́ kan nǹkan kan, pàápàá sísọ́ọ̀sì. Kì í ṣe pé èèyàn burúkú ni o, bí ọ̀pọ̀ nínú wa ṣe kọ́ṣẹ́ nìyẹn, kàlẹ́ńdà àti fọ́tò ìgbéyàwó la fi kọ́ ọ, fọ́tò ìgbéyàwó tó bá sì bàjẹ́ fọtógíráfà á tẹ òmíì jáde. Ta lẹ máa sọ fún pé kó tún ti bàbá yín tẹ̀?

Ẹ mú ọ̀kan nínú wọn jáde, ẹ wo ìsàlẹ̀ bébà yẹn níbi tó ṣófo. Ó ṣeé ṣe kẹ́ ẹ rí ohun tí wọ́n fi pẹ́ńsù kọ, bíi 7/50 lápá òsì, orúkọ àwòrán láàárín, orúkọ ẹni tó ṣe é lápá ọ̀tún. 7/50 yẹn ń sọ fún yín pé àádọ́ta péré ni wọ́n tẹ̀, tiyín ni wọ́n kọ 7 sí. Etí bébà tó ní kẹ́ ẹ gé yẹn gan-an ni ìwé ẹ̀rí wà. Tí wọ́n bá gé e kúrò, àwòrán ò ní yàtọ̀ lójú àlejò tó wá kí yín, àmọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n máa wò ó, á sì ju owó ẹ̀ sísàlẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Bàbá yín tó ń gbé l'Òṣogbo nígbà yẹn, kí lẹ mọ ohun tó wà níbẹ̀? Àwọn wákọ́ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ṣe ní Mbari Mbayo, ilé iṣẹ́ ọnà kan l'Òṣogbo, láàárín 1962 sí 1964, ibẹ̀ ni ayé ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ orúkọ àwọn bíi Twins Seven Seven, Jimoh Buraimoh, Rufus Ogundele, Jacob Afolabi, àti Adebisi Fabunmi tọ́wọ́ ẹ̀ dá ṣáká nínú linocut, ìyẹn àwòrán tí wọ́n kọ́kọ́ gbẹ́ sára línólíọ́ọ̀mù kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ sórí bébà. Mi ò sọ pé tiwọn ló wà lọ́wọ́ yín o, mo kàn ní kẹ́ ẹ ka orúkọ tó wà níbẹ̀ kí sísọ́ọ̀sì tó dé ibẹ̀ ni.

Lílámínéètì ńkọ́? Rárá o. Iná ni wọ́n fi ń yọ́ ọ̀rá yẹn mọ́ bébà, tó bá ti lẹ̀ ó ti lẹ̀ nìyẹn, kò sẹ́ni tó lè tú u mọ́ láyé. Gọ́ọ̀mù funfun àwọn káfíńtà náà ò yàtọ̀, pílíwúùdù sì ní ásíìdì tó máa ń jáde díẹ̀díẹ̀ wọnú bébà títí bébà á fi pọ́n bíi tíì tá ò fi mílíìkì sí. Èmi fúnra mi ti jẹ̀bi ẹ̀ rí. Nígbà tí mo ṣì ń kọ́ṣẹ́ ní Mushin, sẹ́lótéèpù ni mo fi lẹ igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àwòrán kan mọ́ páálí, inú mi dùn pé ó nà gbọnrangandan, àfi bó ṣe di bí ọdún mẹ́wàá tí kọ́sítọ́mà yẹn gbé e padà wá pé kí n pààrọ̀ gíláàsì, tí mo tú ẹ̀yìn ẹ̀, tí mo rí i pé téèpù ti gbẹ ó ti já dànù, gọ́ọ̀mù ẹ̀ ti wọnú bébà, ó yọ síwájú lójú mẹ́rin bí epo pupa tó kán sáṣọ funfun. Mi ò rí nǹkan kan ṣe sí i. Láti ọjọ́ yẹn, ohun tí mo bá fi kan bébà, ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tí ẹlòmíì lè tú lógún ọdún sí i láìfi àmì sílẹ̀.

Torí náà tẹ́ ẹ bá bi mí pé ibo ni kówó yín lọ, ohun tó ń kan bébà ni kó kọ́kọ́ gbowó, lẹ́yìn ẹ̀ gíláàsì, igi ló kẹ́yìn. Bọ̀ọ̀dá yín ti dojú ẹ̀ délẹ̀, igi góòlù ló gbé síwájú.

Ohun tó ń kan bébà jẹ́ mẹ́ta. Páálí tá a máa ń gé fèrèsé sí láàárín kó yí àwòrán ká, mount la ń pè é, ẹ ní kó jẹ́ èyí tí kò ní ásíìdì. Bẹ́ ẹ ṣe máa dá a mọ̀ rèé: ẹ wo férémù àtijọ́ mẹ́ta tó wà nílé yẹn, ibi tí wọ́n ti fi bíléèdì gé fèrèsé, tó dà gẹ̀rẹ̀ wọnú, tí ẹnu ibi gígé yẹn bá ti pọ́n, páálí burúkú ni. Èyí tó dáa á ṣì funfun báláú. Mount yẹn náà ni kì í jẹ́ kí àwòrán fara kan gíláàsì, torí tí òjò bá rọ̀ tí ilé tutù, omi kékeré máa ń dì sínú gíláàsì, bébà tó bá sì lẹ̀ mọ́ ọn, ó máa ń bu bíi búrẹ́dì. Tẹ́ ẹ bá fọwọ́ pa ojú èyíkéyìí tó ga tó rẹlẹ̀ bí ara igi tí wọ́n gbẹ́, irú èyí táwọn èèyàn mọ ayàwòrán Bruce Onobrakpeya mọ́, mount kan ò ní tó o, kí wọ́n fi ìtìlẹ̀ sábẹ́ ẹ̀ kó jìnnà sí gíláàsì dáadáa.

Ìkejì ni páálí ẹ̀yìn, òun náà ò gbọ́dọ̀ ní ásíìdì, hádíbọ́ọ̀dù lè wà lẹ́yìn pátápátá tó bá jẹ́ pé páálí rere wà láàárín òun àti àwòrán. Ìkẹta ni ohun tá a fi so ó dúró. Bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ti Japan la máa ń lò, ègé kékeré méjì péré lókè, pẹ̀lú ẹ̀kọ tí wọ́n fi sitáàṣì àlìkámà sè, ẹ sáà rò ó bí ẹ̀kọ tí wọ́n fi ń ya àdìrẹ ẹlẹ́kọ, omi ló ń tú u. Ìsàlẹ̀ àwòrán á máa rọ̀ sílẹ̀ fúnra ẹ̀, kó lè ráyè fẹ̀ nígbà òjò kó sún kì nígbà ọyẹ́. Àmọ́ aáyán fẹ́ràn ẹ̀kọ ju ẹnikẹ́ni lọ, torí náà díẹ̀ ni. Tí oníférémù yín ò bá ní bébà yẹn, kó fi bébà tí kò ní ásíìdì ṣe àpò kéékèèké sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kó ti àwòrán bọ inú ẹ̀, kò ní sí gọ́ọ̀mù kankan lára ẹ̀ rárá.

Ó kan gíláàsì. Wọ́n á fẹ́ ta èyí tó ń dènà UV, ìtànṣán oòrùn tójú ò rí tó máa ń mú kí àwọ̀ ṣí, fún yín fún gbogbo 12, ó sì wọ́n gan-an. Ẹ má rà á fún gbogbo wọn. Yíńkì dúdú tí wọ́n fi èédú ṣe kì í tètè ṣí, gíláàsì lásán tó nípọn mìlímítà 2 tó o. Àwọn mẹ́rin tó ní àwọ̀ ni kẹ́ ẹ náwó UV sí, kẹ́ ẹ sì mọ̀ pé UV nìkan ló ń dá dúró, tẹ́ ẹ bá lọ gbé e kọ́ síbi tí oòrùn ìrọ̀lẹ́ ti ń wọlé, á ṣì ṣí. Gíláàsì tí wọ́n fi nǹkan ha lójú kó má bàa dán, èmi ò fẹ́ràn ẹ̀, ó máa ń jẹ́ kí àwòrán dà bíi pé kùrukùru bò ó.

Igi, mi ò ní pẹ́ níbẹ̀. Mi ò ní bú férémù rọ́bà, ìkán kì í jẹ ẹ́, tó bá jẹ́ tinrin tó dúdú kò burú rárá. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ igi gidi, ọ̀gánwó dáa, arère fúyẹ́ ó sì rọrùn láti gé, àwọn òyìnbó gan-an ń fi ṣe férémù, àmọ́ kó ti gbẹ dénú kí wọ́n sì ti fi oògùn kòkòrò sí i, arère tí ò gbẹ ni igun ẹ̀ máa ń là sílẹ̀ tí ọyẹ́ bá ti dé, tẹ́ ẹ máa rí ògiri láti igun férémù. Góòlù tó fẹ̀ yẹn máa pa linocut dúdú àti funfun lẹ́nu mọ́.

Ó yá, owó. Ta ló ní dandan ni kẹ́ ẹ ṣe férémù 12? Mount 12 ni kẹ́ ẹ ṣe, kí gbogbo wọn jẹ́ ínǹṣì 16 sí 20 níta, fèrèsé inú ẹ̀ ló máa yàtọ̀ bí àwòrán ṣe tóbi sí. Kẹ́ ẹ wá ṣe férémù 4 péré, kí wọ́n fi irin kékeré tó ń yí sẹ́yìn ẹ̀ dípò ìṣó, ẹ lè fọwọ́ yí i bẹ́ ẹ ṣe ń ti kọ́bọ́ọ̀dù, kẹ́ ẹ sì fi téèpù bébà dí ẹ̀yìn lóde kí eruku àti kòkòrò má wọlé. Àwòrán mẹ́rin á wà lára ògiri, mẹ́jọ á máa sinmi nínú àpótí, tó bá di oṣù mẹ́ta mẹ́rin ẹ pààrọ̀ wọn. Àwọn míúsíọ̀mù náà kì í fi àwòrán orí bébà sílẹ̀ nínú ìmọ́lẹ̀ láti ọdún dé ọdún. Gíláàsì UV ní láti wà nínú méjì ó kéré tán nínú férémù mẹ́rin yẹn, kí àwọn tó ní àwọ̀ máa fi ibẹ̀ ṣe ilé.

Kẹ́ni kẹ́ni má sì fi ìṣirò igi rẹ́ yín jẹ. Ínǹṣì 16 sí 20, àyíká ẹ̀ jẹ́ 72. Ẹ fi ìlọ́po mẹ́jọ fífẹ̀ igi kún un, torí pé ìdagẹ̀rẹ̀ la ń gé igun. Igi tó fẹ̀ ní ínǹṣì 1 á jẹ́ 80, ìyẹn ẹsẹ̀ bàtà 6 àti ínǹṣì 8. Góòlù tó fẹ̀ ní ínǹṣì 3 á jẹ́ 96, ẹsẹ̀ bàtà 8 gbáko, láìtíì sọ pé ẹsẹ̀ bàtà kan ẹ̀ tún wọ́n ju ti tinrin lọ. Tí ọ̀pá kan bá jẹ́ mítà 3, ìyẹn bí ínǹṣì 118, férémù ẹyọ kan tí igi ẹ̀ fẹ̀ ní ínǹṣì 1 á jẹ ọ̀pá kan, ínǹṣì 38 á ṣẹ́ kù tí ò lè dá férémù míì ṣe. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá ní kó gé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀pá mẹ́ta ló máa gbà. Kódà tẹ́ ẹ bá ta kú pé 12 lẹ fẹ́, ọ̀pá 9 tó, kì í ṣe 12. Torí náà ẹ béèrè ẹ̀dínwó, kì í ṣe ẹ̀bẹ̀ lẹ̀ ń bẹ̀ o.

70% yẹn fúnra ẹ̀ kì í ṣe olè, nǹkan tá a bá ti gé ní ìwọ̀n yín a ò lè tà á fún ẹlòmíì, èmi náà máa ń gba ìdajì tàbí 60%. Ewu tó wà níbẹ̀ ni pé kẹ́ ẹ san 70% iṣẹ́ 12 lẹ́ẹ̀kan, kó wá di ọ̀rọ̀ télọ̀ àti ọdún Iléyá. Ẹ pín in. Ìdá kìíní, mount 12 àti àpótí. Tó bá parí ẹ̀, tẹ́ ẹ rí i pé ó dáa, ẹ san ti férémù méjì, lẹ́yìn náà méjì tó kù, ẹ lè fi owó àjọ yín ṣe é. Ẹ má gbé e lọ ní December, gbogbo ayé ló ń ṣe férémù nígbà yẹn, ọwọ́ wa kì í balẹ̀.

Kẹ́ ẹ tó fi àwòrán sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ẹ fi fóònù ya iwájú àti ẹ̀yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ sún mọ́ ibi tí pẹ́ńsù wà. Kí rìsíìtì sọ iye àwòrán tó gbà, ìwọ̀n, irú mount, irú gíláàsì, ohun tó máa fi so ó, ọjọ́ tó máa parí, àti pé kò ní gé kò sì ní lẹ nǹkan kan. Ẹ ní kó kó ègé mount tó kù lẹ́yìn gígé fún yín pẹ̀lú, ẹ máa fi mọ̀ bóyá inú ẹ̀ funfun lóòótọ́. Tẹ́ ẹ bá lọ gbà á, ẹ gbé e sí ìmọ́lẹ̀, ẹ wò ó bóyá eruku tàbí irun wà lábẹ́ gíláàsì, ẹ fi èékánná kan igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kẹ́ ẹ tó ṣe tíráńsífà báláǹsì.

Tẹ́ ẹ bá délé, ẹ fi rọ́bà kékeré méjì sẹ́yìn ìsàlẹ̀ férémù kí atẹ́gùn lè máa gba àárín òun àti ògiri, ẹ má sì gbé e kọ́ sára ògiri tó bá balùwẹ̀ pín.

Ó ku àwọn mẹ́ta tó wà nínú férémù àtijọ́. Àwọn ni kó kọ́kọ́ lọ, torí páálí tó wà níbẹ̀ ń bà wọ́n jẹ́ lọ́wọ́lọ́wọ́. Ẹ tú ẹ̀yìn wọn pẹ̀lẹ́ lórí tábìlì, ẹ fi píńsà yọ ìṣó tó ti dípẹtà lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ojú gíláàsì wà nísàlẹ̀. Èyí tó bá gbéra, ẹ gbé e. Èyí tó bá ti lẹ̀ mọ́ gíláàsì, ẹ má fà á, ẹ má sì fi omi kàn án, ẹ gbé òun àti gíláàsì ẹ̀ pọ̀ bó ṣe wà yẹn wá.