Kowalski: ibi tí orúkọ náà ti ṣẹ̀, àti bí ẹ ṣe lè fi wá abúlé tí bàbá ńlá ti ṣí wá

Ẹ kú ìbéèrè o. Ẹ ní bàbá ìyàwó yín tó wà ní Chicago ń jẹ́ Kowalski, wọ́n sì ti sọ fún wọn pé ìdílé ọlọ́lá ni. Ẹ wá fẹ́ mọ ìtumọ̀ orúkọ náà, bó ṣe wọ́pọ̀ tó, àti abúlé tí wọ́n ti ṣí wá, kí àwọn ọmọ yín lè mọ orísun ìyá wọn. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ṣe irú ìwádìí yìí. Orúkọ fúnra rẹ̀ kò le. Abúlé ni iṣẹ́ wà.

Alágbẹ̀dẹ ni àwọn ará Pólándì ń pè ní kowal. Tí wọ́n bá fi -ski kún un, ó di "ti alágbẹ̀dẹ", tàbí "ti ìlú" tí orúkọ rẹ̀ jáde láti ara kowal. Irú ìlú bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ẹyọ kan: abúlé tó ń jẹ́ Kowale pọ̀, ìlú Kowal sì wà ní agbègbè Kujawy, níbi tí wọ́n bí ọba Kazimierz Wielki sí ní 1310. Ẹni tó wá láti Kowale lè di Kowalski láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni nínú ìran rẹ̀ di ọmọ owú mú rí. Kowalczyk ní tirẹ̀ jẹ́ ọmọ alágbẹ̀dẹ tàbí ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Kowalewski wá láti ìlú Kowalewo. Kowalczuk jẹ́ ti ìhà ìlà-oòrùn, lọ́nà Ukraine. Ẹ fi gbogbo wọn sọ́kàn, torí pé kí orúkọ àwọn àgbẹ̀ tó dúró lójú kan, ìdílé kan náà lè jẹ́ Kowal nínú ìwé ìrìbọmi ọmọ àkọ́kọ́, kó di Kowalczyk fún èkejì, kó sì wá di Kowalski nígbà ìgbéyàwó.

Kò sí abúlé tí kò nílò ẹni tí yóò ṣe bàtà irin fún ẹṣin, tí yóò sì tún ohun ìtúlẹ̀ ṣe. Ìdí nìyẹn tí orúkọ náà fi hù níbi púpọ̀, láìsí àjọṣe láàárín wọn. Nowak ló wọ́pọ̀ jù ní Pólándì, nǹkan bí 200,000 ènìyàn ló ń jẹ́ ẹ; Kowalski ló tẹ̀ lé e, ó lé ní 130,000. Àṣìṣe kan wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ṣe níbí. Àkọsílẹ̀ PESEL, ìyẹn ìwé orúkọ gbogbo aráàlú, tí ìjọba Pólándì ń gbé jáde lọ́dọọdún ya orúkọ ọkùnrin sọ́tọ̀ kúrò lára ti obìnrin. Ẹni tó bá wo Kowalski nìkan, ìlàjì ló rí. Ó gbọ́dọ̀ fi Kowalska, tí àwọn obìnrin ń jẹ́, kún un.

Ní ti ọlọ́lá, ẹ má gbà á bẹ́ẹ̀. Lóòótọ́, àwọn onílẹ̀ ńlá ló kọ́kọ́ ń lo -ski, bí ìdílé Tarnowski tó ni ìlú Tarnów, ṣùgbọ́n nígbà tó yá, àwọn ará ìlú àti àwọn àgbẹ̀ gbà á lò títí ó fi kárí. Kowalski tó jẹ́ ọlọ́lá wà, ó sì ju ìdílé kan lọ, àmì ìdílé tí wọ́n ń pè ní herb sì yàtọ̀ síra láàárín wọn. Ìdílé tí orúkọ wọn kò jọra rárá náà sì máa ń pín herb kan lò. Ẹni tó bá ń ta "àmì ìdílé Kowalski" fún yín, àmì ẹlòmíràn ló ń tà.

Ó wá ku abúlé. Ẹ má tíì ṣí ìkànnì Pólándì kankan. Bí a ṣe ń sọ Lágbájá, Jan Kowalski ni tiwọn. Tí ẹ bá tẹ orúkọ náà láìní abúlé, àwọn tí yóò jáde yóò pọ̀ ju èyí tí ẹ lè yẹ̀ wò lọ. Inú ìwé Amẹ́ríkà ni kí ẹ ti wá abúlé. Ìwé tó dára jù ni ìwé tí àlejò fi bẹ̀bẹ̀ láti di ọmọ Amẹ́ríkà lẹ́yìn oṣù kẹsàn-án 1906, torí pé láti ìgbà yẹn ni òfin ti ní kí wọ́n kọ ibi tí wọ́n bí i sí. Èyí tó tẹ̀ lé e ni ìwé ìgbéyàwó ti ṣọ́ọ̀ṣì àwọn ará Pólándì, irú bí St. Stanislaus Kostka ní Chicago. Àlùfáà tó jẹ́ ará Pólándì mọ bí wọ́n ṣe ń kọ orúkọ abúlé, akọ̀wé ìjọba kò mọ̀ ọ́n. Fọ́ọ̀mù Social Security (ètò owó ìfẹ̀yìntì Amẹ́ríkà) láti 1936 dára gan-an, torí orúkọ ìdílé ìyá wà níbẹ̀. Káàdì ológun ti 1942, ti àwọn àgbà ọkùnrin, náà máa ń ní ibi ìbí.

Ìwé ìkànìyàn 1900 àti 1910 kì í sábà ní ju Russia, Austria tàbí Germany lọ, torí Russia, Austria àti Prussia, tó di ara Germany, ló pín Pólándì mọ́wọ́ láti 1795 títí di 1918. Ẹ má fojú tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀ ṣá o: òun ló máa sọ èdè tí ẹ ó bá nínú ìwé. Ẹ sì gbàgbé ìtàn pé òṣìṣẹ́ Ellis Island, èbúté New York tí àwọn àlejò ń gbà wọlé, ló yí orúkọ padà. Ìwé tí wọ́n ti kọ kí ọkọ̀ òkun tó gbéra ni wọ́n ń wò. Lẹ́yìn tí wọ́n ti gúnlẹ̀, ní iléèwé àti níbi iṣẹ́, ni orúkọ ti yí. v ni àwọn ará Pólándì ń pe w, nítorí náà ẹ wá Kovalsky, Kowalsky, àní Smith pẹ̀lú.

Tí ẹ bá ti ní abúlé, ẹ wá ìjọ tí abúlé náà wà lábẹ́ rẹ̀, torí pé ìwé wà lọ́dọ̀ ìjọ, kò sí lọ́dọ̀ abúlé. Ẹ wá lọ sí Geneteka, ìkànnì tí ẹgbẹ́ onímọ̀ ìran ní Pólándì ń bójú tó, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ yan ìpínlẹ̀, ẹ yan ìjọ, ẹ tẹ Kowalski sí àpótí àkọ́kọ́, kí ẹ sì tẹ orúkọ ìdílé ìyá sí èkejì. Urodzenia ni ìbí, małżeństwa ni ìgbéyàwó, zgony ni ikú. Ohun tí ẹ ó dà kọ ni ọdún àti nọ́ńbà tí wọ́n pè ní akt. Àwọn méjèèjì yìí ni ẹ ó fi rí àwòrán ìwé náà lórí Szukaj w Archiwach, ìkànnì ilé ìkówèé-pamọ́ ìjọba Pólándì. Orúkọ tí kò bá sí nínú Geneteka kò túmọ̀ sí pé ènìyàn náà kò sí. Ó lè jẹ́ pé wọn kò tíì ka ìwé ìjọ yẹn sínú rẹ̀.

Ìwé náà yàtọ̀ síra. Ní ìhà Rọ́ṣíà, láti 1808 ni wọ́n ti ń kọ ọ́ ní ìpínrọ̀ gígùn, èdè Pólándì ni títí di 1868, lẹ́yìn náà ó di èdè Rọ́ṣíà, orúkọ sì di Ковальский. Ọjọ́ méjì ni ẹ ó rí nínú rẹ̀, ti kàlẹ́ńdà Rọ́ṣíà àti ti kàlẹ́ńdà tí a ń lò lónìí, ó fi ọjọ́ 12 yàtọ̀ síra, ó sì di 13 láti 1900. Èyí tó gbẹ̀yìn nínú méjèèjì ni ẹ ó mú. Ní ìhà Austria, èdè Látìn ni, nínú tábìlì, nọ́ńbà ilé sì wà níbẹ̀. Ẹ fọwọ́ mú nọ́ńbà yẹn dáadáa. Tí Jan Kowalski méjì bá wà lábúlé kan, òun ló máa yà wọ́n. Ní ìhà Rọ́ṣíà, orúkọ ìdílé ìyàwó àti ọjọ́ orí ọkọ ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn. Ní ìhà Prussia, ìwé ìjọba wà láti oṣù kẹwàá 1874, ní èdè Jámánì.

Ìparí orúkọ ló máa ń ṣi àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ lọ́nà. Syn Jana Kowalskiego, ọmọ Jan Kowalski ni. Kowalskiego kì í ṣe orúkọ mìíràn. Marianna z Kowalskich, Marianna tí wọ́n bí ní Kowalska ni. Tí orúkọ kò bá parí pẹ̀lú -ski, -owa lè jẹ́ ìyàwó, -ówna sì jẹ́ ọmọbìnrin tí kò tíì lọ́kọ. August Agboola Browne, onílù jáàsì tí wọ́n bí l'Ékòó, tó sì gbé ní Warsaw, Zofia Pykówna ló fẹ́. Ìparí orúkọ náà sọ fún wa pé Pyk ni bàbá obìnrin náà.

Ìwé ìbí tí kò tíì pé 100 ọdún, àti ti ìgbéyàwó àti ikú tí kò tíì pé 80, wà lọ́dọ̀ Urząd Stanu Cywilnego, ọ́fíìsì tó ń forúkọ ìbí, ìgbéyàwó àti ikú sílẹ̀, ní ìlú náà. Mọ̀lẹ́bí tààrà ni wọ́n sábà máa ń fún, nítorí náà ìyàwó yín tàbí bàbá wọn ni kí ó fọwọ́ sí lẹ́tà, kì í ṣe ẹ̀yin. Ẹ béèrè odpis zupełny (ẹ̀dà tó pé pérépéré), 33 złoty, owó Pólándì, ni. Skrócony (ẹ̀dà kúkúrú) dín sí 22, àmọ́ àwọn àfikún tí akọ̀wé kọ sétí ìwé kì í sí nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì rèé, inú àfikún yẹn ni ìgbéyàwó ẹni náà sábà máa ń wà.