Báwo ni àwọn onígìtá ṣe ń pe ES-335 (irú gìtá kan), TS808 (ẹ̀rọ tí wọ́n ń fẹsẹ̀ tẹ̀ láti yí ohùn gìtá padà), PAF (ẹ̀rọ ara gìtá tó ń gba ohùn okùn rẹ̀) àti irú wọn?

Lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń pè: SG, irú gìtá kan, jẹ́ “ẹ́ẹ̀sì-jíì”, PRS, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe gìtá, jẹ́ “píì-áà-ẹ́ẹ̀sì”. Nọ́ńbà gan-an ló ń da èèyàn láàmú. Kò sẹ́ni tó ń ka 335 ní odidi. Wọ́n á pín in sí 3 àti 35, “tíríì tátí-fáìfù”, wọn kì í sì í sábà pe ES mọ́ ọn. JCM800, ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn gìtá sókè, yàtọ̀, “éètì ọ́ńdírẹ́ẹ̀dì” ni tirẹ̀. Ní ti TS808, òdo àárín ni wọ́n ń pè bíi lẹ́tà O: “éètì-óò-éètì”.

PAF ni wọn ò fẹnu kò lé lórí. Ọ̀pọ̀ ń ka lẹ́tà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, àwọn kan ń sọ pé “páàfù”; méjèèjì ló yé èèyàn. MIDI, ìyẹn ọ̀nà tí àwọn ohun èlò orin oníná fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, ní tirẹ̀ ti di ọ̀rọ̀: “mídì”, ẹ má ka lẹ́tà rẹ̀.

Ibi tí àṣìṣe ti ń dunni ni wáyà. Nínú ariwo, TS àti TRS, irú ẹnu wáyà méjì, jọra létí, nítorí náà ẹ wo ẹnu wáyà náà fúnra yín: òrùka dúdú kan ni ti TS, méjì ni ti TRS. TS ni gìtá ń lò.