Ìbéèrè Òǹkàwé: Ṣé Ó Dára Kí N Fi Òwú Fa Irun Ojú Mi?

Ìbéèrè: Olóòtú ọ̀wọ́n, irun máa ń hù sí òkè ètè àti àgbọ̀n mi, abẹ ni mo sì fi ń fá a láti ọjọ́ pípẹ́. Nígbà tí mo lo ìda gbígbóná, ó bó mi lára, ó sì fi àmì dúdú sílẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi wá gbà mí níyànjú pé kí n lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń fi òwú fa irun. Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é? Ṣé irun náà kò ní nípọn sí i? Kí ni kí n ṣọ́ra fún?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìbéèrè, arábìnrin wa. Fọ́nrán òwú lásán ni irinṣẹ́ wọn. Ẹni tó ń ṣe é yóò lọ́ òwú náà mọ́ra láàárín, yóò sì di ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì mú. Bí ó bá ti ń ya ìka ọwọ́ kan tí ó sì ń pa ti ọwọ́ kejì pọ̀, ibi tí òwú ti lọ́ra yóò máa sáré lọ sáré bọ̀ lórí awọ, yóò máa há irun sáàárín, yóò sì máa fà á tu tigbòǹgbò-tigbòǹgbò. Ó ti pẹ́ tí àwọn ará Íńdíà àti Ìráànì ti ń lo ọgbọ́n yìí.

Mo rò pé yóò bá yín lára mu ju ìda lọ, nítorí pé irun nìkan ni òwú ń fà, nígbà tí ìda máa ń lẹ̀ mọ́ awọ tí ó sì lè bó òkè rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe kékeré fún aláwọ̀ dúdú, torí pé egbò tí kò tó nǹkan lè fi àpá dúdú sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ṣùgbọ́n ó máa ń dunni, pàápàá ní òkè ètè, ojú ibẹ̀ sì lè wú díẹ̀ fún wákàtí mélòó kan.

Irun kì í nípọn nítorí pé a fà á tu tàbí pé a fá a. Abẹ ló ń gé orí irun pẹrẹsẹ, ìdí nìyẹn tó fi máa ń le lọ́wọ́ bó bá ń hù padà. Èyí tí a fà tu yóò hù láti ìsàlẹ̀, ó sì sábà máa ń gbà á tó ọ̀sẹ̀ 2 sí 6.

Ìmọ́tótó ni mo fẹ́ kí ẹ mú ní ọ̀kúnkúndùn. Àwọn kan máa ń fi eyín di òwú mú, itọ́ wọn á sì kan ohun tó ń kan ojú ẹlòmíràn. Àwọn dókítà ti rí àwọn kókó kéékèèké tí fáírọ́ọ̀sì ń fà, tí wọ́n yọ síbi tí wọ́n ti fi òwú fa irun. Nítorí náà, ẹ ní kí wọ́n fọ ọwọ́, kí wọ́n já òwú tuntun níṣojú yín, kí wọ́n sì fi kọ́ ọrùn dípò ẹnu. Ẹni tó bá kọ̀, ẹ má ṣe jókòó fún un.

Ẹ má ṣe é síbi tí irorẹ́ tàbí egbò wà. Bí irun bá hù lórí àmì abínibí, ẹ fi sísọ́ọ̀sì gé e. Ẹni tó bá ń lo ìpara tretinoin tàbí oògùn isotretinoin fún irorẹ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bi dókítà rẹ̀, nítorí pé wọ́n máa ń sọ awọ di ẹlẹgẹ́. Lẹ́yìn tí ẹ bá ṣe é tán, ẹ fi aṣọ tútù lé e, kí ẹ sì yẹra fún ìpara olóòórùn dídùn, oòrùn líle àti ọwọ́ tí kò mọ́ di ọjọ́ kejì.

Ọ̀rọ̀ irun àgbọ̀n yín ṣẹ́kù. Bí ó bá jẹ́ pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pọ̀ sí i, tí nǹkan oṣù yín kò sì lọ déédéé, tàbí tí irorẹ́ líle bá a rìn, ẹ lọ rí dókítà, torí pé họ́mónù tí kò dọ́gba lè fà á, àìsàn kan tó ń ṣe ilé ẹyin obìnrin ló sì sábà máa ń wà nídìí rẹ̀. Ẹ ṣì lè máa fi òwú fa irun náà nígbà ìtọ́jú, nítorí pé ó sábà máa ń tó oṣù 6 kí iṣẹ́ oògùn tó hàn lára irun.